Ilá àti Òwú, Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà ni mí ní Moretan, ní agbègbè Atakpamé. Lónìí, mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe pàdánù oko ilá mi, àti ohun tí òdòdó kọ́ mi.

Ní ọdún kan, mo gbin òwú. Nígbà tí mo kórè tán, n kò fa àwọn igi òwú náà tu. Òjò dé, wọ́n tún rúwé. Mo gbin ilá sí àárín wọn. Owó ilá yẹn ni mo fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ mi.

Ilá náà tanná dáadáa. Nígbà tí ó so, àwọn kòkòrò pupa bò ó. Wọ́n ń fa omi èso rẹ̀ mu. Ilá mi rọ, kò ṣeé tà. Mo rò pé aládùúgbò oko mi ni ó ṣe mí ní ibi. N kò kí i mọ́.

Ìyá àgbà kan nínú kíláàsì wa gbọ́, ó sì bá mi lọ sí oko. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ ni o kọ́ mi láti ka lẹ́tà. Jẹ́ kí n kọ́ ọ láti ka òdòdó.”

Ó já òdòdó ilá kan, ó já ti òwú kan, ó kó méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Mo kà wọ́n. Ewé òdòdó ilá jẹ́ márùn-ún. Ti òwú náà jẹ́ márùn-ún. Ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kékeré kan dúró, ìyẹ̀fun sì wà lára rẹ̀.

Ìyá ní, “Ọmọ ìyá ni wọ́n. Kòkòrò tí ó ń jẹ òwú yóò jẹ ilá. Inú igi òwú tí o fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé.”

Ojú tì mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bẹ aládùúgbò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi ní àgbàdo tí mo gbìn sí ilẹ̀ náà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ń ka òdòdó. Ní ọdún 1753, Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ ìwé kan jáde. Ó to àwọn ewéko sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí nípa kíka àwọn ẹ̀yà inú òdòdó wọn. Kí ló dé tí kò fi ewé tò wọ́n? Ewé a máa tóbi lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, a sì máa kéré lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Òdòdó kì í sábà yí padà bẹ́ẹ̀.

Malvaceae ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ẹbí ilá àti òwú. Ìṣápá wà níbẹ̀. Lónìí, wọ́n ti fi osè, àràbà, kòkó, obì àti ewédú, tí àwọn ará Lomé ń pè ní adémè, kún un. Àgbàdo kò sí níbẹ̀. Ẹbí koríko ni òun, ọkà bàbà, ìrẹsì àti ìrèké.

Ẹ lè dán èyí wò nílé. Ẹ gbin àgbàdo kan àti ẹ̀wà kan sínú ilẹ̀ tútù. Àgbàdo yóò yọ ewé kan ṣoṣo. Ẹ̀wà yóò yọ méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ọmọ ìyá lè yàtọ̀ ní ìwà. Ata, tòmátì àti gégèmú, ẹbí kan ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni gégèmú ní oró. Ẹ má ṣe jẹ ewéko tí ẹ kò mọ̀ nítorí ẹbí rẹ̀.

Bí ẹ bá kórè òwú tán, ẹ fa igi rẹ̀ tu, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má ṣe gbin ilá tàbí ìṣápá tẹ̀lé e. Ẹ gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà.

Bí kòkòrò bá sì wọ oko yín, ẹ kọ́kọ́ wo òdòdó kí ẹ tó fura sí ọmọnìkejì yín.