ÒJÒ ÀNÁ KỌ́ LÓ FÚN Ọ NÍ IBÀ! Ẹ̀fọn Festac mọ ìdí ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Mile 2 lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tó wá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gba ọ̀nà Festac lọ, kò ní í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ilẹ̀ olómi lòun wà. Omi dúró lẹ́bàá títì. Omi dúró nínú ojú ẹsẹ̀ táyà. Omi dúró nínú gọ́tà tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti dí lẹ́nu. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn alákàrà bẹ̀rẹ̀ sí í dáná, ẹgbẹ́ akọrin kan á dé tí ẹnikẹ́ni ò háyà: ẹ̀fọn ni!

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ọ̀sà lápá kan, àbàtà lápá kejì. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ gba àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú tuntun fún àwọn tó ti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 wá. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ṣẹ́ gègé, ẹni tí ilé bá já mọ́ lọ́wọ́ ló ń kó wọlé. Wọ́n la títì tó gún régé, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà àti kànáàlì. Ṣùgbọ́n èèyàn ti pọ̀ sí i, ilé ti pọ̀ sí i, ìdọ̀tí náà ò sì gbẹ́yìn. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí kì í gbàgbé pé omi lòun tẹ́lẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á wá bèèrè ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ dé ọjà Agboju kẹ́ ẹ wòran. Àwọn aláta, ẹlẹ́ja àti aláṣọ kì í dúró de òjò kó dá kí wọ́n tó tajà. Ọ̀rá ni wọ́n ń ta sórí, iṣẹ́ ń lọ. Bí ara bá wá ń ro ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kejì, tí orí ń fọ́ ọ, tí òtútù ń mú un, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ: òjò àná ló fún un ní ibà. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, oòrùn ni yóò dá lẹ́bi. Ẹlòmíì á ní ọ̀rá inú ọbẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń lọ ní kẹ́míìsì nìyí:

“Ọmọ mi, bá mi po oògùn ibà. Òjò pa mí lánàá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò?”

“Ẹ̀jẹ̀ wo? Èmi ni mi ò wá ní mọ ibà lọ́jọ́ ogbó mi? Pò ó kí n máa lọ jàre, ẹja mi wà níta.”

Ká má parọ́, àwọn ìyá wa ò jìnnà sí òótọ́. Òjò àti ibà mọra wọn. Ṣùgbọ́n òjò tó pa ènìyàn lánàá kọ́ ló gbé e dé. Ẹ ṣírò ó bí ẹni ń ṣírò owó èsúsú. Òjò rọ̀ lónìí, ó fi omi sílẹ̀ nínú kòtò. Abo ẹ̀fọn yé ẹyin sínú omi náà. Ẹyin di tanwíjí, tanwíjí di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọjọ́ 7 sí 14 ti lọ nìyẹn. Ẹ̀fọn tuntun yìí ò tíì ní ibà lára. Ó di ìgbà tó bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kòkòrò ibà wà lára rẹ̀. Kòkòrò náà á tún lo bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn kó tó gbó, kó tó dé ibi tí ẹ̀fọn ti ń tu itọ́. Ìgbà náà ló tó lè ràn ẹlòmíì. Ẹni tó jẹ náà ò sì ní í ṣàìsàn lójú ẹsẹ̀, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: oṣù kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ! Òjò àná ò mọwọ́, ò mẹsẹ̀. Òjò oṣù tó kọjá ni kí wọ́n lọ mú.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé gbogbo ẹ̀fọn kọ́ ló ń gbé ibà. Mẹ́ta ló yẹ kí ará Festac dá mọ̀. Àkọ́kọ́ ni Culex, oníariwo tó ń gbé inú gọ́tà dúdú àti sọkawéè. Ó ń jẹni, ó ń da oorun rú, ṣùgbọ́n kì í gbé ibà. Èkejì ni Anopheles, ọ̀daràn gan-an. Bó bá bà sára ògiri, ìdí rẹ̀ á yọ sókè. Òru, nígbà tí oorun bá wọra tán, ló sábà máa ń jẹni. Omi tó mọ́ tí oòrùn ń tàn sí ló fẹ́ràn jù: ojú ẹsẹ̀ táyà, kòtò tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti ń bu omi, ìpìlẹ̀ ilé tí owó tán lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ tún wà tí omi oníyọ̀ díẹ̀ ò dí lọ́wọ́, irú omi àbàtà etí òkun wa. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọn lápá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ wa tún ti rí i pé Anopheles ti ń kọ́ bí yóò ṣe gbé inú omi ìdọ̀tí ìgboro. Ẹ ò rí i pé ọ̀tá ń kọ́gbọ́n!

Ẹ̀kẹta ni Aedes, dúdú tó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ń jẹni. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú. Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ fetí sílẹ̀: táyà tẹ́ ẹ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí omi òjò wọ̀ sínú rẹ̀, ààfin ni lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ojú ọjọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀ tó ń dá, tó ń rọ̀ tó ń dá, ẹ̀fọn ń pọ̀ nìyẹn, nítorí omi á dúró tó ọjọ́ tí tanwíjí nílò. Bí òjò bá wá rọ̀ bí ẹni fẹ́ ya, irú òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 tí àwọn ará Èkó ò tíì gbàgbé, àgbàrá lè gbá tanwíjí lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yọ̀. Bí ìkún omi bá fà tán, kòtò tuntun ló ń fi sílẹ̀. Nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àwọn kòtò yẹn á dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ oòrùn, àrọ̀kúrò á tún wá bù kún wọn. Ẹ̀rùn ńkọ́? Omi á wọ́n, oníkálukú á máa pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Bí a ò bá dé e, Aedes ti rílé.

Ooru náà lọ́wọ́ sí i. Bí ìgbà bá móoru níwọ̀n, kòkòrò ibà á tètè gbó nínú ẹ̀fọn. Bí òtútù bá mú dé nǹkan bí ìwọ̀n 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò ní í lè gbó. Èkó kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibà ò fi ní ìsinmi níbí. Ní àwọn ìlú orí òkè ilẹ̀ Ethiopia àti Kenya, òtútù ló ń lé ibà fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń gbóná sí i, ẹ̀fọn ti ń gun òkè. Ní Pakistan lọ́dún 2022, ìkún omi ńlá bo ilẹ̀, iye àwọn tí ibà mú sì di ìlọ́po márùn-ún ti ọdún tó ṣáájú.

Àwọn bàbá wa ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọdún 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Gómìnà MacGregor, tó jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àbàtà Èkó. Kànáàlì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1927, Adrian Stokes, dókítà tó wá wádìí ibà pọ́njú, kú ní Èkó nípasẹ̀ àìsàn náà gan-an. Àwọn àgbà rántí wolé-wolé tó ń ṣí ìkòkò omi wò: bó bá rí tanwíjí, owó ìtanràn dé! Ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù náà wà, títí di oṣù kọkànlá ọdún 2016 tí ìjọba Èkó fòpin sí dídá ìrìnnà dúró nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé ibà pa èèyàn 608,000 lágbàáyé lọ́dún 2022. Nínú 100 wọn, bí 31 jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló pọ̀ jù nínú wọn. Aboyún náà wà nínú ewu.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kó ya ìyá ẹlẹ́ja lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2021, bí 22 nínú 100 ló ní kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kéré jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ara gbígbóná ní Èkó kì í ṣe ibà rárá. Ó lè jẹ́ táífọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ àìsàn àyà. Ẹni tó bá ń gbé oògùn ibà mì sí i, owó ló ń jó, àìsàn gidi sì ń gbilẹ̀. Kolorokúìn tó ń yún àwọn àgbà lára nígbà kan, ìjọba ti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti ọdún 2005, nítorí kòkòrò ibà ti borí rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ìka yín kẹ́ ẹ tó ra oògùn. Ìṣẹ́jú bí 15 sí 20 ni èsì fi ń jáde. Bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì olóògùn sórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹ̀fọ́ lóko. Ẹ máa da omi inú táyà, garawa àti kòtò búlọ́ọ̀kù nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí tanwíjí má ráyè dàgbà. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ lọ gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó láti ṣọ́ ni títí ayé.

Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá ò ní í ká a. Tanwíjí inú táyà òní ni ẹ̀fọn òru oṣù tó ń bọ̀. Kí òjò mìíràn tó ṣú lójú ọ̀run Festac, ẹ yẹ ẹ̀yìnkùlé wò!