Fífi Gíláàsì àti Ọ̀ṣọ́ Ojú Fèrèsé sí Ìjàpá

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, iṣẹ́ gíláàsì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni ọkọ̀ máa ń kà sí kékeré, nítorí pé ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà ni ọkàn wọn máa ń wà, bẹ́ẹ̀ ibi tí gíláàsì ti pàdé irin gan-an ni ìbàjẹ́ tí ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ tí a lè fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí kí ó yé ará Nàìjíríà tó Volkswagen tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Volkswagen tí ó wà ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó ní ọdún 1975. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é ní Jámánì títí di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, rọ́bà ni ó ń di gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kì í ṣe gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì àwọn ọkọ̀ òde òní mọ́ irin.

Rọ́bà yìí kì í ṣe rọ́bà lásán. Bí a bá gé e tí a sì wo ojú ibi tí a ti gé e, a ó rí kòtò tóóró mẹ́ta: inú àkọ́kọ́ ni etí gíláàsì máa ń wọ̀, inú ìkejì ni ètè irin ọkọ̀ máa ń wọ̀, ìyẹn etí páànù tí wọ́n tẹ̀ yí ojú fèrèsé ká, inú ìkẹta, tí ó kọjú síta, ni ọ̀ṣọ́ máa ń wọ̀. Ọ̀ṣọ́ tí à ń sọ ni àlùmíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dán, tí ó yí gíláàsì po. Ìjàpá tí wọ́n ṣe ní ẹ̀dínwó fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan kì í ní in, rọ́bà tirẹ̀ kò sì ní kòtò kẹta rárá, nítorí èyí ni ẹni tí ó bá lọ ra rọ́bà láìmọ irú èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lò ṣe máa ń padà sí ọjà.

Ohun tí ó ya ni lẹ́nu nínú iṣẹ́ náà ni pé ọ̀ṣọ́, tí ènìyàn yóò rò pé ìgbẹ̀yìn ni ó yẹ kí a kàn, ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Orí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ nínípọn lé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: a ó fi rọ́bà yí gíláàsì ká, a ó sì máa ti àlùmíníọ̀mù náà, tí ó sábà máa ń jẹ́ abala méjì, bọ inú kòtò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí gíláàsì tó dé ara ọkọ̀ rárá, lẹ́yìn náà ni a ó fi ìdérí kékeré bo ibi tí abala méjèèjì ti pàdé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí rọ́bà bá ti gbá irin mú tán, yóò fún débi pé kòtò ìta kò ní fẹ́ gba ohunkóhun mọ́, ẹni tí ó bá sì fi ipá tì í yóò ká àlùmíníọ̀mù náà kò. Àlùmíníọ̀mù tí ó bá ti ká kò kì í padà sí bí ó ti wà. Bí ó ti wù kí a rọra tẹ̀ ẹ́ tó, ojú àpá náà yóò máa hàn nígbàkúùgbà tí oòrùn bá kàn án. Àwọn kan a máa fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ nítorí wàhálà yìí, wọn a sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó wù wọ́n. Ìyẹn kò burú bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà tí kò ní kòtò ìta ni wọ́n rà, ṣùgbọ́n kòtò tí ó ṣófo tí eruku ń dì sí kò bójú mu.

Gíláàsì pàápàá ju oríṣi kan lọ. Ní ọdún 1903, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Édouard Bénédictus ṣàkíyèsí pé ìgò kan tí ó já lulẹ̀ sán ṣùgbọ́n kò tú ká, nítorí pé nǹkan kan tí ó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ di àfọ́kù rẹ̀ mú, àkíyèsí yìí ni ó sì bí gíláàsì alápapọ̀, èyí tí í ṣe gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú awẹ́ ike láàrin wọn. Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n mú gbóná gan-an tí wọ́n sì fi atẹ́gùn mú tutù lójijì. Ó le ju gíláàsì lásán lọ, àmọ́ etí rẹ̀ ni kò lágbára, bí nǹkan bá sì kọ lù ú níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò ṣeé gé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ti alápapọ̀ ni ó ṣeé gé. Kí oṣù Kẹjọ ọdún 1964 tó dé, gíláàsì iwájú Ìjàpá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó fi jẹ́ pé agégíláàsì tí ó mọṣẹ́ lè gé òmíràn sí i. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sí i tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọ̀nà àbáyọ yẹn sì dí.

Kí gíláàsì tó kan ọkọ̀, ètè irin ni kí a fi ọwọ́ yẹ̀ wò yíká. Ibi tí ó bá ti dógùn-ún, kí a ha á títí yóò fi kan irin tí ó mọ́, kí a sì kùn ún. Ibi tí páànù bá sì ti yọ gọngọ nítorí iṣẹ́ jórinjórin, kí a tẹ́ ẹ, nítorí pé gíláàsì tí ó sán fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, irú ibẹ̀ ni ó ti ń ti í. Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ́ okùn tí ó lágbára sínú kòtò kejì rọ́bà náà yíká, tí a ó jẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn ní àárín ìsàlẹ̀, tí a ó sì fi omi ọṣẹ pa rọ́bà àti irin. Gírísì àti ọ́ìlì kò yẹ níbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń jẹ rọ́bà. Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí ń gbà: ẹni tí ó wà níta yóò gbé gíláàsì sí ojú ibi tí ó yẹ, yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yóò máa fa okùn náà bí ẹni ń fa okùn ṣòkòtò jáde, tí ètè rọ́bà yóò sì máa fò kọjá irin bí okùn bá ṣe ń jáde. Bí ó bá kọ̀ níbì kan, kí wọ́n tún pa ọṣẹ sí i. Òòlù kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Gíláàsì ilẹ̀kùn kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, nítorí inú ọ̀nà tí a fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ni ó ti ń gòkè sọ̀kalẹ̀.

Àṣà tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń fi sílíkóònù dí ibi tí omi ń gbà wọlé dípò kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tí ó ti gan. Omi tí sílíkóònù bá há mọ́ ẹ̀yìn rọ́bà yóò máa jẹ irin ní kọ̀rọ̀, èyí tí ó bá sì gba gíláàsì ẹ̀yìn wọlé yóò ṣàn lọ sí abẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì Ìjàpá wà, páànù ibẹ̀ yóò sì jẹ tán kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀. Aláìṣòótọ́ sì ni akunmọ́tò tí ó lẹ bébà mọ́ rọ́bà tí ó sì kun ọkọ̀ yí i ká. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti kun Ìjàpá yín, ẹ ra rọ́bà tuntun mẹ́rin ṣáájú ọ̀dà, ti iwájú, ti ẹ̀yìn àti méjì fún fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, kí ẹ sì rí i pé gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kúrò lára ọkọ̀ kí akunmọ́tò tó gbé ọwọ́ lé e.