Iṣẹ́ Bọ́, Ọwọ́ Ò Tíì San

Káṣúà ni wọ́n ń pè wá nílé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó ojoojúmọ́ ni, kọ́ńtírátọ̀ ló ń san án ní Sátidé. Kò sí lẹ́tà, kò sí káàdì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù Kẹwàá 2024 ni mo ti ń wọ̀ ọ́ láti Àgbàdo lọ sí Ìkẹjà. Bí èèyàn bá bá géètì ní títì, owó ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ ike ló gbá ọwọ́ òsì mi mú. Súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀ ló bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé ìka méjì tó fara pa pọ̀, ó sì bá mi wọ kẹ̀kẹ́ dé ọsibítù. Oore yẹn ò ṣeé gbàgbé. Àmọ́ nígbà tí mo mú ìwé dókítà dé, pé kí n lọ sinmi, wọn ò jẹ́ kí n kọjá géètì. Kọ́ńtírátọ̀ ló jáde wá, ó ní wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ, ó sì na àpòòwé sí mi pé ilé iṣẹ́ ṣàánú mi. Ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù, pé mi ò ní béèrè ohunkóhun mọ́.

Mi ò buwọ́ lù ú. Bàbá onílé wa, tí kì í fẹ́ ibi fún mi, ní, “Ọmọ mi, lọ dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ni wọn ò fún ní kọ́bọ̀.” Òótọ́ ni bàbá sọ, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Ìyà yìí ti mọ́ wa lára débi pé ẹni tí ẹ̀rọ gé níka ló tún máa dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ owó oògùn.

Dẹ́rẹ́bà kan tí a jọ ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù Ìgbòbí ló là mí lójú. Láti 2010 ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ti wà, ó sì ka káṣúà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́ ọn. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san fún àjọ NSITF tó ń bójú tó owó náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti fi tó ọ̀gá tàbí súpáfáísọ̀ létí, ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ létí. Ìwé pé òṣìṣẹ́ ti fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ta ló sọ ọ́ fún káṣúà rí? Ara ògiri ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ká má mu sìgá. Kò síbi tí wọ́n kọ NSITF sí.

Súpáfáísọ̀ rí ìjàǹbá náà, ó sì tó lójú òfin pé ó rí i. Mo pè é. Ó ní òun náà bímọ, kí n jọ̀ọ́ má dárúkọ òun. Mi ò bá a jà. Mo ti ya fọ́tò ọwọ́ náà, mo ti kó ìwé ọsibítù àti fíìmù eegun jọ, èmi fúnra mi ni mo ń kọ̀wé sí àjọ. Ọdún kan ni òfin fi sílẹ̀ láti béèrè, kò sì tíì pé.