Omi Iyọ̀ Ìdájí

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Èkó, fóònù mi dún ní ìdájí. Ìyá mi ni. “Dìde, fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí o sì mu díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.” Àbúrò wọn kan ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn, ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí àbúrò.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi àwọn akọ̀ròyìn kéékèèké pé, “Ta ló sọ fún ọ?” Síbẹ̀, mo wẹ̀. Mo da iyọ̀ sínú báàkẹ́tì, mo wẹ̀ nínú òkùnkùn bí olè. Mímu nìkan ni mo kọ̀.

Ìyá mi mu tiwọn, odindi ife kan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà ní ọsibítù. Ìjọba ti kéde pé irọ́ gbáà ni kí wọ́n tó padà sílé.

Lọ́dún 2018 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sára ọ̀rọ̀ àtagbà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá mi ló gbé mi dé balùwẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló sì fẹ́ fi àmì sára ìyẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún fi òmíràn ránṣẹ́, nípa ewé kan tó ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Mo pè wọ́n.

“Màámi, ta ló sọ fún yín?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ìwọ náà wẹ̀, àbí o ò wẹ̀?”