Àjẹ́ ké lánàá, ẹja kú lónìí: Ohun tí mo rí létí odò Arkansas

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tẹ́ ẹ dé etí odò ìlú yín, tẹ́ ẹ wá bá òkú ẹja tó tẹ́ lọ rẹrẹ lórí omi, tí ò ṣeé kà, ta lẹ máa kọ́kọ́ fura sí? Ṣé ìjọba ni, àbí iléeṣẹ́ tó ń da omi ẹlẹ́gbin sódò? Àbí ẹ máa ní ayé ti ń parí lọ? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ ká jọ dé Ozark ná, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, torí ohun tójú wọn rí nìyẹn nígbà tí ọdún 2010 ń parí lọ.

Ìlú kékeré ni Ozark. Téèyàn bá ti Little Rock, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, gbéra, títì márosẹ̀ kan ni yóò gbà, tí yóò kọjú síbi tóòrùn ń wọ̀. Ó máa kọjá Conway, ó máa kọjá Russellville àti Clarksville, bíi wákàtí méjì ni. Nígbà òtútù tí mo gbabẹ̀ kọjá, igi ò léwé lórí, koríko ti gbẹ bí ìgbà ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa, atẹ́gùn sì ń gún èèyàn létí bí abẹ́rẹ́. Odò ńlá ni odò Arkansas. Wọ́n ti kọ́ dáàmù sí i níbi púpọ̀, ọkọ̀ omi tó ń kó ẹrù sì ń lọ, ó ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹnì kan tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ ké gbàjarè lọ́jọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2010. Nísàlẹ̀ dáàmù Ozark, òkú ẹja ló ń léfòó kiri. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹja àti ẹran ìgbẹ́ débẹ̀, wọ́n rí i pé ó gùn tó bíi 20 máìlì, ẹja tó kú sì lé ní 80,000, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ó tó 100,000.

Wọn ò tíì bọ́ nínú ìyẹn tí ti Beebe tún fi dé. Beebe jìnnà sí Ozark, ó lé ní 100 máìlì. Lálẹ́ ọjọ́ 31, tí wọ́n ń retí ọdún tuntun, ẹyẹ dúdú ẹgbẹẹgbẹ̀rún já bọ́ látojú ọ̀run, wọ́n balẹ̀ sórí ilé, wọ́n balẹ̀ sójú títì.

Háà! Ẹnu wá di ẹnu. Àwọn kan ní ìjọba ló ń dán ohun ìjà ìkọ̀kọ̀ wò. Àwọn kan ní gáàsì tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni. Àwọn kan gbé Bíbélì, wọ́n ní àmì ìkẹyìn ayé rèé. Ṣebí àwọn àgbà wa ló ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Èmi náà kọ́ ni mo máa bú wọn. Nígbà tí mo dé Russellville, mo rí ilé gogoro kan tó ń rú èéfín funfun sójú ọ̀run. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná ni, agbára núkílíà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Mo ní, 'Ọwọ́ ti tẹ olè!' Àfìgbà tí mo dé etí odò, tí mo wo ibi tómi ń ṣàn gbà. Láti Ozark ló ti ń ṣàn bọ̀ ní Russellville. Òkè odò lẹja ti kú, ìsàlẹ̀ odò niléeṣẹ́ wà. Omi wo ló máa wá gun òkè lọ pa ẹja? Ojú tì mí.

Ohun tó sì yé àwọn onímọ̀ nìyí: nínú ẹja 100 tó kú, bíi 95 ló jẹ́ irú kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní drum. Wọ́n ní tó bá jẹ́ májèlé ni, ṣé drum nìkan ni yóò mọ̀? Kò ní dá ẹja kankan sí. Àìsàn ni wọ́n fura sí. Ní ti àwọn ẹyẹ, àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n forí sọ nǹkan ni, tí ẹ̀jẹ̀ fi dà nínú ara wọn. Àwọn tó ń yin báńgà ọdún tuntun ló lé wọn sókè lóru, ẹyẹ yìí ò sì ríran dáadáa lóru. Ẹja lọ́tọ̀, ẹyẹ lọ́tọ̀.

Kì í kúkú ṣe nǹkan tuntun kí òtútù pa ẹja. Bómi ṣe tutù náà lara ẹja ṣe ń tutù, kò láṣọ tó máa wọ̀. Lóṣù Kìíní ọdún 2011 kan náà, bíi mílíọ̀nù 2 ẹja kú ní Chesapeake Bay ní ìpínlẹ̀ Maryland. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ọmọ ẹja kan tó ń jẹ́ spot, tó yẹ kó ti sá lọ síbi tómi gbé lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òtútù tó dé. Ní 1976, bíi mílíọ̀nù 15 irú rẹ̀ ló kú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má tìtorí ìyẹn pe àwọn tó ń fura ní òmùgọ̀ o! Nítòsí Conway tá a kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìlú kékeré méjì wà níbẹ̀, Guy àti Greenbrier. Lọ́dún 2010 yẹn náà nilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó mì ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ, èyí tó le jù wáyé lóṣù Kejì, ọdún 2011. Àwọn ará ibẹ̀ ní omi ìdọ̀tí táwọn tó ń wa gáàsì ń fagbára tì sínú ilẹ̀ ló ń fà á. Àwọn onímọ̀ wádìí ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú sì jẹ́ òótọ́. Lóṣù Keje, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de irú kànga bẹ́ẹ̀ ládùúgbò náà.

Ṣẹ́ ẹ wá rí i? Ìpínlẹ̀ kan náà, ọdún kan náà. Ìfura kan ṣì í, ìfura kejì bá a mu. Ẹ̀rí ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá o. Lọ́dún 2020, òkú ẹja króòkà, apò tiwa yìí, kún etíkun Niger Delta. Kíá làwọn èèyàn ti nawọ́ sáwọn iléeṣẹ́ epo, ta ló sì máa dá wọn lẹ́bi pẹ̀lú ohun tójú wọn ti rí? NOSDRA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ epo tó dànù, ní àyẹ̀wò àwọn ò bá epo rọ̀bì, àwọn irin olóró ló bá. Drum, spot àti króòkà, ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má torí ẹ̀ sọ pé ẹ ti rí àjẹ́ tuntun!

Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí òkú ẹja lódò, ẹ fura, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: níbo lomi ti ń ṣàn bọ̀? Ṣé irú ẹja kan ló kú ni, àbí gbogbo wọn? Ta ló ṣe àyẹ̀wò, ṣé wọ́n sì fi èsì rẹ̀ han aráàlú? Kẹ́ni kẹ́ni má sì ṣà á yan, kó gbé e wá sọ́jà. Bá a bá ń sunkún, à máa ń ríran.