Lọ́yà Ta Ni? Yíyan Amòfin fún Ilẹ̀ àti Ilé Rírà ní Èjìgbò

Ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lọ́yà ló sábà máa ń wá bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ẹni náà kì í wá lọ́yà lọ. Bí ẹbí bá ti fẹnu kò láti ta ilẹ̀, ejẹ́ǹtì á ka owó fún olùrà: owó ilẹ̀ jẹ́ báyìí, tèmi jẹ́ báyìí, owó àgírímẹ̀ǹtì jẹ́ báyìí, lọ́yà ẹbí ni yóò sì kọ ọ́. Olùrà ló ń san owó àgírímẹ̀ǹtì yìí. Ó ń sanwó fún lọ́yà tí kò yàn, tí kò mọ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó ń tajà ló mú un wá. Àṣà náà ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí òfin. Òfin kọ́. Kò sí ohun tó dí olùrà lọ́wọ́ láti mú amòfin tirẹ̀ dání, bó tilẹ̀ ti san owó ti ẹbí.

Ohun tí òfin béèrè ni pé kí amòfin kọ ìwé náà. Òfin tó de iṣẹ́ amòfin ní Nàìjíríà, ti ọdún 1975, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe amòfin láti gbowó kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ti ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni èyí ti ṣẹ̀ wá. Láti 1804 ni òfin tiwọn ti fi iṣẹ́ yìí lé àwọn amòfin lọ́wọ́, ó sì di ọdún 1985 kí wọ́n tó fàyè gba àwọn mìíràn tí wọ́n gba ìwé àṣẹ fún ìwé ilé kíkọ nìkan. Yorùbá tó ń ra ilé ní London lónìí lè mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Ti Èjìgbò kò rí bẹ́ẹ̀. Àgírímẹ̀ǹtì tí ejẹ́ǹtì tàbí onítáípù ẹ̀bá ọjà kọ, tó kàn yọ orúkọ kan kúrò nínú ìwé àtijọ́ tó sì fi òmíràn sí i, kò yẹ lóhun tí ènìyàn ń fi owó ilé lé lórí.

Ọ̀rọ̀ Èjìgbò tún ní apá kan tí ti ìlú mìíràn lè má ní. Ó ti pẹ́ tí ìlú náà àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀, bíi Másífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ti ń rán ọmọ lọ sí Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì ń gbéra nílùú lọ sí Àbíjàn, Faransé ń dún nínú ọjà, púpọ̀ nínú ilé tuntun tó ń yọrí sì jẹ́ ti ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ní Àbíjàn, iwájú ẹni tí wọ́n ń pè ní notaire ni wọ́n ti ń ṣe é. Notaire kì í ṣe lọ́yà ẹnì kankan. Ìjọba ló fún un láṣẹ, àárín olùtà àti olùrà ló dúró sí, ohun tó bá sì kọ ní agbára ìwé ìjọba. Ẹni tó ti fi ogún ọdún mọ irú ètò yìí á délé, á rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú, tó ní òǹtẹ̀ àti pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, á sì rò pé notaire náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Amòfin Nàìjíríà, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń ṣojú fún. Yorùbá kúkú mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ níbi ìdána: alága ìjókòó wà fún ẹbí ìyàwó, alága ìdúró wà fún ẹbí ọkọ, kò sì sí ẹbí ọkọ tó jẹ́ bẹ alága ìjókòó pé kó bá àwọn dín owó kù. Ìlànà iṣẹ́ àwọn amòfin pàápàá kọ̀ fún wọn láti máa sin ọ̀gá méjì tí ire wọn tako ara wọn.

Kí olùrà tó lè yan amòfin dáadáa, ó yẹ kó mọ iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún un, nítorí kíkọ ìwé ló kéré jù níbẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù ní agbègbè yìí, ẹni tó láṣẹ láti ta ilẹ̀ ẹbí sì ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ilé-ẹjọ́ ti là á sílẹ̀ láti 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Bí olórí ẹbí bá tà láìfi ti àwọn àgbà ìdílé ṣe, àwọn àgbà náà lè gba ilé-ẹjọ́ lọ láti da títà náà nù. Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ló tà láìsí olórí, kò sí títà kankan níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, amòfin tó mọṣẹ́ á béèrè iye ìdí-igi tó wà nínú ìdílé náà, ta ni olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló wà nílé, ta ló wà ní Àbíjàn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe eré. Ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá lè jẹ́ olórí ìdí-igi tí ẹnikẹ́ni kò fi lọ̀, ìpìlẹ̀ ilé sì ti lè jáde kó tó dé.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìtàn. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: ẹni tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀, ọmọ tó jogún rẹ̀, bó ṣe dọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Amòfin tí kò lè jókòó ti bàbá arúgbó kó gbọ́ irú ìtàn yìí, kó sì mọ ibi tí ìtàn ọ̀hún ti fò, kò wúlò tó ní Èjìgbò, bó ti wù kí ọ́fíìsì rẹ̀ tutù tó. Sọ́fè ní tirẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ amòfin. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ ni yóò fi nọ́ńbà pílà wéra pẹ̀lú ohun tó wà lórí ìwé. Amòfin ni yóò ní kí wọ́n ṣe é, òun ni yóò sì wádìí ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abéré bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, tàbí bóyá báǹkì ti fi owó yá ẹnì kan lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé olóògbé ni, á béèrè ìwé tí ilé-ẹjọ́ fi fún àwọn ajogún láṣẹ. Á tún béèrè ní kóòtù bóyá ẹjọ́ kan wà nílẹ̀. Olùrà tó bá ra ẹjọ́ mọ́ ilẹ̀, òun ni yóò bá ẹbí rò ó parí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 wá fi ìjọba kún un. Òfin yìí gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ó sì jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa fúnni láṣẹ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Ẹbí tó ní ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò pàdánù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé e fún ẹlòmíràn kó yọrí láìgba àṣẹ. Àwọn kan jiyàn pé èyí kò kan ẹni tó ti ní ilẹ̀ kí òfin tó dé. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dáhùn nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989 pé ó kàn án. Lọ́yà ẹbí kì í sábà sọ̀rọ̀ dé ibí yìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí nígbà tí owó bá ti wọlé.

Ta wá ni kí ènìyàn mú? Ní Nàìjíríà, kò sí pé amòfin kan wà fún kóòtù, òmíràn fún ìwé ilẹ̀. Gbogbo wọn ló ní àṣẹ méjèèjì. Ẹni tó jẹ́ pé ẹjọ́ olè ló ń rò látàárọ̀ lè gba iṣẹ́ ilẹ̀ láìsí ẹni tí yóò mú un. Kí olùrà béèrè ìwé tó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Abéré rí, kì í ṣe ẹjọ́ tó ti bórí. Pé ẹni náà jẹ́ amòfin lóòótọ́ kò ṣòroó mọ̀: orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, láti 2015 sì ni ẹgbẹ́ amòfin ti ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní òǹtẹ̀ tó ní orúkọ wọn. Ibùgbé rẹ̀ ló fẹ́ àròjinlẹ̀. Amòfin tó jẹ́ ọmọ ìlú mọ ẹni tó jẹ́ mọ́gàjí gan-an àti ẹni tó kàn ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lè jẹ́ àna ẹbí tó ń tà. Ti Èkó kò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì ní í wá wo ilẹ̀. Ẹni tó wà ní Òṣogbo, Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tó sún mọ́ ibẹ̀ débi tó lè wá lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, tí kò sì jẹ oúnjẹ ẹbí náà rí, ló sàn jù.

Owó rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìdá 10 nínú 100 owó ilẹ̀ ló mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó dára kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú owó náà sílẹ̀: ṣé ìwádìí wà níbẹ̀, ṣé àṣẹ gómìnà wà níbẹ̀, àbí ìwé kíkọ lásán?

Fún ẹni tó wà ní Àbíjàn, ewu ńlá ni pé àbúrò tó ń gba owó ló máa ń yan amòfin. Amòfin náà á mọ àbúrò, kò ní í mọ ẹ̀gbọ́n, orúkọ àbúrò ni ó sì lè bọ́ sórí ìwé láìsí ẹni tó purọ́. Kí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ bá amòfin sọ̀rọ̀, kí rìsíìtì jáde lórúkọ rẹ̀. Bí ẹlòmíràn yóò bá tọwọ́ bọ̀wé fún un, kí ó ṣe ìwé tó fi yan ẹni náà ṣe aṣojú rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú níwájú notaire tàbí aṣojú ìjọba Nàìjíríà lọ́hùn-ún, nítorí òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kí ilé-ẹjọ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọmọ tí wọ́n tọ́ lọ́hùn-ún lè ka Faransé já fáfá, kó má mọ ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì wí. Ó yẹ kí wọ́n túmọ̀ ìwé náà fún un ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyá àgbà tó ń tẹ ìka.

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n ya fọ́tò, tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì yí ká, iṣẹ́ amòfin kò tíì dé ìdajì. Owó òǹtẹ̀ ìjọba wà níwájú, àṣẹ wà níwájú, ìforúkọsílẹ̀ wà níwájú. Ó di ìgbà tí ìwé bá padà láti Abéré, tí nọ́ńbà, ojú-ewé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí wà lára rẹ̀, kí olùrà tó san èyí tó kù nínú owó lọ́yà.