Afọlábí Ọlábímtán: Òǹkọ̀wé tó Di Aṣòfin

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlọrin níbí: kí ni ẹni tó kọ́ èdè Yorùbá lè dà láyé? Afọlábí Ọlábímtán ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ìlaròó ni a bí i sí ní ọdún 1932. Ó kọ Kékeré Ẹkùn ní 1967, ó sì ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ní 1999, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Ògùn dìbò fún un lábẹ́ ẹgbẹ́ AD, ó sì wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ó papò dà ní 2003.

Ṣùgbọ́n ipò nìkan kọ́ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Kí ó tó dé Àbújá rárá ni ó ti kọ eré onítàn Ọláòrè Afọ̀tẹ̀joyè ní 1970, ìtàn ẹni tó fi ọ̀tẹ̀ joyè. Òǹkọ̀wé tó bá dépò ti fi òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn òun náà lé ará ìlú lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ka ìwé nítorí ìdánwò nìkan. Ẹ kà á kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó máa bi aṣáájú yín.